Àbùlẹ̀ àkọ́kọ́: kí ló dé tí wọn ò fi gba iṣẹ́ tí mo fi ránṣẹ́?

Ohun tí a sọ lórí ètò wa lọ́sẹ̀ yìí la kọ sílẹ̀ síbí, fún ẹni tí dátà rẹ̀ kò tó láti gbọ́ ọ, àti fún ẹni tó fẹ́ràn kó máa fojú ara rẹ̀ kà á.

Ọ̀dọ́mọbìnrin kan ló kọ̀wé sí wa láti Igbókọ̀dá, níbi tí èmi náà ti dàgbà. Ó ní: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Mo ṣe àtúnṣe sí ètò open source kan, mo sì fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ni ín. Odindi oṣù kan ni mo fi ṣe é. Ìlà méjì péré ni wọ́n fi dá mi lóhùn, wọ́n sì pa ọ̀rọ̀ náà dé. Ṣé torí pé wọn ò mọ ibi tí mo ti wá ni? Ṣé kí n má wulẹ̀ yọ ara mi lẹ́nu mọ́?”

Àbúrò mi, mo gbọ́ ọ. Ìbéèrè rẹ ni a ó fi gbogbo ètò òní dáhùn.

Kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé fún àwọn tí ọ̀rọ̀ náà ṣe tuntun sí. Open source ni ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣí kóòdù rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Ẹnikẹ́ni lè kà á, ó lè lò ó, ó sì lè tún un ṣe. Linux tó wà lábẹ́ fóònù Android yín wà lára wọn. Bí o bá rí àṣìṣe nínú irú ètò bẹ́ẹ̀, tí o sì tún un ṣe, wàá fi àtúnṣe náà ránṣẹ́ sí àwọn tó ń tọ́jú ètò náà. Àtúnṣe yẹn ni wọ́n ń pè ní patch. Yorùbá ti ní orúkọ fún un tipẹ́: àbùlẹ̀, bí èyí tí télọ̀ ń fi sí ojú ibi tí aṣọ ti ya. Àwọn tí wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó gbà á wọlé ni mo máa pè ní olùtọ́jú.

Gbogbo ẹni tó bá ṣí kóòdù rẹ̀ sílẹ̀ kọ́ ló ṣí ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ sílẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ṣi nǹkan gbọ́, èmi náà sì ṣì í gbọ́.

Ìwé gbèsè àǹtí mi

Àbúrò ìyá mi ń ta ẹja gbígbẹ àti edé ní Igbókọ̀dá. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ń wá láti Òkìtìpupa, láti Oǹdó, títí dé Ìbàdàn. Àwìn pọ̀ nínú òwò náà: wọ́n á gbé ẹja lọ lónìí, wọ́n á san owó bí wọ́n bá tà á tán. Inú ìwé ni ó ń kọ gbogbo rẹ̀ sí, omi sì ti ba ìwé bíi mélòó kan jẹ́. Èmi ni mo ní kó jẹ́ ká gbé e sórí ètò ìṣirò owó kan tó jẹ́ open source, tí a kò san kọ́bọ̀ fún. Mo ń fi kọ̀ǹpútà mi kọ sínú rẹ̀, òun náà ń fi fóònù rẹ̀ kọ.

Ní ọjọ́ ọjà kan, ó wá orúkọ oníbàárà kan, ètò náà sì fi gbèsè hàn án. Àǹtí mi bá dìde, ó sọ̀rọ̀ sí obìnrin náà lójú gbogbo ọjà. Obìnrin náà ń búra pé òun ti sanwó. Òótọ́ ló ń sọ. Owó náà wà nínú ètò, àmọ́ orúkọ tó jọra lójú, tí kò jọra nínú kọ̀ǹpútà, ni wọ́n kọ ọ́ sí. Obìnrin náà kò padà wá rajà lọ́dọ̀ rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ìtìjú yẹn, èmi ni mo fà á.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Lẹ́tà “ẹ” wà nínú orúkọ obìnrin náà. Nínú Unicode, tó jẹ́ ìlànà tí gbogbo kọ̀ǹpútà fi ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà, ọ̀nà méjì ni a lè gbà kọ “ẹ”. Ó lè jẹ́ àmì kan ṣoṣo, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ U+1EB9. Ó sì lè jẹ́ “e” lásán, kí àmì tó ń fi kán-ún sí ìdí rẹ̀, U+0323, tẹ̀ lé e. Ojú kò lè mọ ìyàtọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n ètò tí kò bá mọ̀ pé ọ̀kan náà ni wọ́n á pè wọ́n ní ọ̀rọ̀ méjì. Bí a bá fi ohùn sórí rẹ̀ ló tún wá le sí i, nítorí pé “ẹ́” kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tirẹ̀ rárá. A gbọ́dọ̀ to àmì méjì tàbí mẹ́ta pọ̀ kó tó jáde. Unicode fúnra rẹ̀ ti pèsè ọ̀nà àbáyọ. Ó ní ìlànà kan tí wọ́n ń pè ní NFC, tó máa ń sọ gbogbo ọ̀nà wọ̀nyí di ẹyọ kan. Ọ̀pọ̀ èdè kọ̀ǹpútà ló ti ní in nínú. Nínú Python àti JavaScript, ìlà kan péré ló ń gbà.

Mo rí àṣìṣe náà. Inú mi dùn. Mo jókòó tì í fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo sì fi àbùlẹ̀ àkọ́kọ́ mi ránṣẹ́.

Ó lé ní ẹgbẹ̀rún ìlà. Mo tún àṣìṣe náà ṣe nínú rẹ̀, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n mo tún yí àwọ̀ ojú ìwé padà, mo kọ àwọn bọ́tìnnì ní Yorùbá, mo tún kóòdù ẹlòmíràn tò bí ó ṣe wù mí, mo sì kọ sókè rẹ̀ pé: “Mo ti ṣe é kó dáa.” Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́jọ, olùtọ́jú kan bi mí pé kí gan-an ni ìṣòro tí èyí ń yanjú, ó sì ní àwọn kò lè gbà á bó ṣe wà yẹn. Ó tán.

Inú bí mi. Mo sọ fún gbogbo ẹni tó bá gbọ́ pé wọ́n fojú tẹ́ńbẹ́lú wa ni. Ó pẹ́ kó tó yé mi pé ọkùnrin yẹn kò tilẹ̀ mọ èmi, kò mọ àǹtí mi, kò mọ ẹja. Ẹgbẹ̀rún ìlà láti ọwọ́ àjèjì nìkan ló rí.

Ìdí tí ara wọn kò fi balẹ̀

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá ní òun máa dá ọ láṣọ, ti ọrùn rẹ̀ ni kó o kọ́kọ́ wò. Olùtọ́jú kò rí ọrùn rẹ. Kóòdù tí o fi ránṣẹ́ nìkan ló ń rí.

Ẹ jẹ́ ká fi ọkọ̀ ojú omi ṣàpẹẹrẹ, nítorí pé àwa ará Ìlàjẹ mọ̀ ọ́n. Bí àlejò kan bá dé etí omi tó ní òun fẹ́ kan pákó tuntun mọ́ ìdí ọkọ̀ yín lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ ó dúpẹ́. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gbà, ẹ ó bi í pé irú pákó wo ni, irú ìṣó wo ni, àti pé kí ló ṣe èyí tó wà níbẹ̀. Àlejò náà á lọ sílé lálẹ́. Ẹ̀yin lẹ máa gbé ọmọ yín sínú ọkọ̀ náà lọ́la, tí omi bá sì wọlé, ẹ̀yin lẹ máa gbọ́n ọn.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni àbùlẹ̀ rí. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá gbà á, ó kúrò ní tìrẹ, ó di ẹrù tiwọn. Bí ó bá bàjẹ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, tí ìwọ ti gbàgbé, àwọn ni wọ́n máa jí lóru tún un ṣe. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì gba owó kankan fún iṣẹ́ náà.

Yàtọ̀ sí èyí, ojú wọn ti rí nǹkan. Ẹ jẹ́ kí n mú méjì wá.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2021, Greg Kroah-Hartman, ọ̀kan lára àwọn àgbà olùtọ́jú Linux, kéde pé òun kò ní gba àbùlẹ̀ láti Yunifásítì Minnesota ní Amẹ́ríkà mọ́. Àwọn olùwádìí kan níbẹ̀ ti ń fi àbùlẹ̀ tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi àṣìṣe sí ránṣẹ́, láti wò ó bóyá àwọn olùtọ́jú á rí i. Nítorí ìyẹn, àbùlẹ̀ 190 tó ti wọlé látọ̀dọ̀ yunifásítì náà ni ó tò sílẹ̀ láti yọ, kí wọ́n lè tún wọn yẹ̀ wò. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jẹ́ iṣẹ́ gidi. Ẹ wo iye àkókò tó bá a lọ.

Èkejì le ju ìyẹn lọ. Ètò kékeré kan wà tó ń jẹ́ xz, tó ń fún fáìlì pọ̀ kó má gba àyè púpọ̀. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà Linux ló ń lò ó. Lasse Collin nìkan ló ń tọ́jú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì ti rẹ̀ ẹ́. Ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní Jia Tan wá, ó ń fi àbùlẹ̀ tó dára ránṣẹ́, títí tí wọ́n fi sọ òun náà di olùtọ́jú. Nínú ẹ̀dà 5.6.0 àti 5.6.1, ní ọdún 2024, ẹ̀rọ ìwọlé olè ni wọ́n bá níbẹ̀. Andres Freund, òṣìṣẹ́ Microsoft, ló tú u síta ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta. Lára ohun tó mú un fura ni pé wíwọlé sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀ ń fi bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ.

Nítorí náà, àbúrò mi, nígbà tí olùtọ́jú bá ń wo iṣẹ́ rẹ bí ẹni ń wo owó ayédèrú, ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sí wọn ló ń wò. N kò sọ pé kò sí ẹni tó ń fojú tẹ́ńbẹ́lú ènìyàn láàárín wọn. Ó wà. Ṣùgbọ́n bí o bá fi ìyẹn bẹ̀rẹ̀, o ò ní rí ohun tí ọwọ́ ara rẹ lè tún ṣe.

Bí mo ṣe ṣe ìkejì

Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù kan, mo padà lọ. Ohun tí mo ṣe nìyí, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Mo kọ́kọ́ béèrè. Mo ṣí ìjíròrò kan, mo kọ ọ́ pé: bí a bá kọ “ẹja” ní ọ̀nà yìí, tí a sì wá a ní ọ̀nà kejì, ètò yín kò rí i; ṣé ẹ fẹ́ àtúnṣe rẹ̀? N kò tíì kọ ìlà kóòdù kan. Mo to ìgbésẹ̀ náà sílẹ̀, kí ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá rárá lè rí àṣìṣe náà lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan. Ó dáhùn pé òun ti rí i, kí n máa bọ̀. Àwọn kan máa ń sọ pé àwọn kò fẹ́ ẹ. Ìyẹn náà dáa. O ti mọ̀ kí o tó fi oṣù kan ṣòfò.

Mo ka ìwé ìlànà wọn. Ètò púpọ̀ ló ń fi fáìlì kan tó ń jẹ́ CONTRIBUTING sínú kóòdù wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ bí wọ́n ṣe ń fẹ́ iṣẹ́. Linux ní tirẹ̀, tó tún fi irinṣẹ́ kan tó ń jẹ́ checkpatch.pl kún un, tó máa ń sọ ibi tí ìkọ̀wé rẹ kò bá ti bá tiwọn mu kí ènìyàn tó rí i. Bí wọ́n bá ní kí o fi “Signed-off-by” àti orúkọ rẹ sí ìsàlẹ̀, fi sí i. Láti ọdún 2004 ni àwọn ará Linux ti ń lò ó. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé o jẹ́rìí sí i pé o ní ẹ̀tọ́ láti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀.

Mo ṣe ohun kan ṣoṣo. Kò sí àwọ̀ tuntun, kò sí bọ́tìnnì, n kò sì fọwọ́ kan kóòdù ẹnikẹ́ni tí kò bá ọ̀rọ̀ náà lọ. Ìlà mẹ́fà ni gbogbo rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Mo fi ẹ̀rí tì í. Mo kọ ìdánwò tó máa kùnà bí àtúnṣe náà kò bá sí níbẹ̀, tó sì máa yege bó bá wà níbẹ̀. Ìdánwò yẹn gùn ju àtúnṣe náà fúnra rẹ̀ lọ, mo sì rò pé òun gan-an ló yí ọkàn wọn padà. Ó ń sọ fún wọn pé bí mo bá tilẹ̀ lọ, nǹkan kan wà níbẹ̀ tó máa ké bí ẹnikẹ́ni bá tún ba ibẹ̀ jẹ́.

Mo wá kọ àlàyé. Àkọlé kúkúrú, lẹ́yìn náà ìṣòro, lẹ́yìn náà ìdí tí mo fi yàn láti tún un ṣe báyìí. N kò kọ ọ́ pé mo ti ṣe é kó dáa. Mo kọ ọ́ pé oníṣòwò kan rí gbèsè tí kò sí, nítorí pé orúkọ kan pín sí méjì.

Ìbéèrè tó dùn mí, tó sì gbà mí là

Olùtọ́jú náà kò gbà á lọ́jọ́ yẹn. Ó bi mí ní ìbéèrè kan: “Àwọn orúkọ tó ti wà nínú ètò tẹ́lẹ̀ ńkọ́?”

Mo kọ́kọ́ fẹ́ bínú. Mo wá ronú. Àtúnṣe mi ń sọ orúkọ di ẹyọ kan nígbà tí ènìyàn bá ń kọ ọ́ wọlé. Gbogbo gbèsè tí àǹtí mi ti kọ sílẹ̀ ṣáájú ọjọ́ yẹn máa wà ní ọ̀nà méjì síbẹ̀. Ká ní wọ́n gbà á bẹ́ẹ̀ ni, màá sọ fún àǹtí mi pé ó ti dáa, á sì tún pe oníbàárà mìíràn ní ajẹgbèsè lójú ọjà.

Mo yí i padà, kí ètò náà lè máa sọ ọ̀rọ̀ méjèèjì di ẹyọ kan nígbà tó bá ń fi wọ́n wéra. Mo fi orúkọ àtijọ́ kún ìdánwò náà. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn tí mo kọ́kọ́ béèrè, wọ́n gbà á.

Ohun tí mo fẹ́ kí o mú lọ nínú ọ̀rọ̀ òní nìyẹn. Iyèméjì wọn wà lára iṣẹ́ náà. Bí ó bá bi ọ́ ní ìbéèrè, ó ti ń gbé àbùlẹ̀ rẹ wò lórí aṣọ. Dáhùn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá tọ̀nà, tún un ṣe. Èyí tí o kò bá gbà, sọ ìdí rẹ̀ jẹ́jẹ́, pẹ̀lú ẹ̀rí. Má ṣe dákẹ́, má sì ṣe sá lọ.

Ó ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó ju èmi lọ. Láti ìparí ọdún 2024 wọ ìbẹ̀rẹ̀ 2025, ọmọ Nàìjíríà kan bá Git ṣiṣẹ́ nípasẹ̀ Outreachy. Git ni irinṣẹ́ tí Linus Torvalds dá sílẹ̀ ní oṣù kẹrin 2005, tí Junio Hamano sì ti ń tọ́jú láti oṣù keje ọdún náà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí kọ̀ǹpútà méjì tó ń fi Git bá ara wọn sọ̀rọ̀ lè mọ irú ètò Linux, Windows tàbí Mac tí ìkejì ń lò. Àwọn àgbà bi í ní ìbéèrè nípa àṣírí àwọn tó ń lo Git. Ẹ̀dà lórí ẹ̀dà ni ó fi ránṣẹ́. Èyí tó wọlé níkẹyìn kéré sí èrò àkọ́kọ́: orúkọ ètò náà nìkan ni, wọ́n sì so ó mọ́ ohun tí Git ti ń sọ tẹ́lẹ̀. Ó kéré, ṣùgbọ́n ó ti wà nínú Git tí gbogbo ayé ń lò.

Dátà, iná àti sùúrù

Ẹ̀yin tí ẹ wà létí omi á ní: ìyẹn dáa fún ẹni tó ní nẹ́tíwọ̀kì. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n Git kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì fún ọ̀pọ̀ jù lọ iṣẹ́ rẹ̀. Bí o bá ti gba kóòdù náà lẹ́ẹ̀kan, o lè ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ níbi tí kò ti sí nẹ́tíwọ̀kì rárá. Bí o bá fi “--depth 1” kún àṣẹ clone, kò ní kó gbogbo ìtàn ètò náà wá, dátà tó máa jẹ á sì dín kù gan-an. Àbùlẹ̀ fúnra rẹ̀ jẹ́ ìwé lásán. Kò tó fọ́tò WhatsApp kan. Àwọn ará Linux àti Git ń gbà á nínú ímeèlì títí dòní. Èmi máa ń ṣe tèmi lálẹ́, màá gbé e wọ Igbókọ̀dá láàárọ̀, màá sì fi ránṣẹ́ níbẹ̀.

Lẹ́yìn tí o bá ti fi ránṣẹ́, dúró. Ìlànà Linux ní kí o dúró fún ọ̀sẹ̀ kan, ó kéré tán, kí o tó tún béèrè. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá láìsí èsì, kọ ìlà kan, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Bí wọ́n bá wá sọ̀rọ̀ àlùfàǹṣá sí ọ, má bá wọn jà. Kó iṣẹ́ rẹ, wá ilé mìíràn. Ètò open source pọ̀ ju ẹja inú odò lọ.

Ibi tí o ti lè bẹ̀rẹ̀ wà nítòsí. Àwùjọ Open Source Community Africa ti wà ní Nàìjíríà láti ọdún 2018, wọ́n sì kọ́kọ́ ṣe àpérò ńlá wọn ní Èkó ní ọdún 2020. Outreachy ń gba ènìyàn lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ó sì ń sanwó fún àwọn tó bá mú. Kí wọ́n tó mú ẹnikẹ́ni, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi iṣẹ́ kékeré ránṣẹ́ sí ètò tó yàn. Àbùlẹ̀ àkọ́kọ́ náà ni wọ́n ń wò.

Ó wá ku ìbéèrè rẹ, àbúrò mi. O ní ṣé torí pé wọn ò mọ ibi tí o ti wá ni? Lóòótọ́, wọn ò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n nítorí ibi tí o ti wá ni o fi rí àṣìṣe tí àwọn kò rí. Kò sí ẹni tó máa mọ̀ pé “ẹ” pín sí méjì bí kò bá sí ẹni tó ń kọ “ẹja” lójoojúmọ́. Padà lọ. Yọ ohun kan ṣoṣo nínú iṣẹ́ oṣù kan yẹn, èyí tó dá ọ lójú jù. Fi ẹ̀rí tì í. Béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá wọ́n fẹ́ ẹ. Kí o sì kọ̀wé sí wa padà, kí a gbọ́ bó ṣe lọ.

Obìnrin tí àǹtí mi dójú tì nínú ọjà ti padà ń rajà lọ́dọ̀ rẹ̀. Àǹtí mi lọ bẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀, ó sì gbé edé dání. Ìyẹn, kò sí àbùlẹ̀ tó lè ṣe é.